Ohun Tó Ń Pa Ẹ́ńjìnnì Mówà Lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ẹni tó bá ní mówà ńlá, èyí tí ènìyàn ń jókòó lé lórí bíi tirakítọ̀ kékeré láti fi gé koríko, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò sì tẹ́ pẹrẹsẹ, á ti rí ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí. Ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́ dáadáa níwájú ilé. Kò ní wúkọ́, kò ní rú èéfín, ìró rẹ̀ á sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga, tàbí ibi tó ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà, ó kú. A ó tì í padà sí ibi tó tẹ́, a ó yí kọ́kọ́rọ́, á sì dáhùn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Ní Ìbàdàn níbí, kò sí bí a ṣe lè sá fún òkè. Láti Òkè Àrẹ̀, níbi tí ilé ìṣọ́ Bower ti dúró láti 1936, títí dé Òkè Màpó, orí òkè àti ìsàlẹ̀ òkè ni ìlú yìí tẹ̀dó sí, ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní àdúgbò Jẹ́ríkò sì ń dà wálẹ̀ sí ojú àgbàrá. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa láti oṣù kẹrin, tí koríko ń ga lójoojúmọ́, ni ẹjọ́ mówà tó ń kú lórí òkè máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á dá kàbúrétọ̀, ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, lẹ́bi lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á gba Àráròmí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Agodi Gate, lọ, wọ́n á ra òmíràn, wọ́n á dè é, ẹ̀rọ náà á sì tún kú ní ojú ibi kan náà. Mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì kéékèèké ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, mówà, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fa omi, owó tí àwọn ènìyàn ń ná sórí ohun tí kò bàjẹ́ sì máa ń dùn mí. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó ń ka èyí ni pé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́. Ohun tó mọ òkè ni àwọn nǹkan tó lè yẹ̀ kúrò ní ààyè wọn nígbà tí ẹ̀rọ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: epo inú táǹkì, omi tó bá dà pọ̀ mọ́ epo náà, ọ́ìlì tó wà ní ìdí ẹ́ńjìnnì, wáyà tí kò dì dáadáa, àti ara ẹni tó jókòó sórí àga. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò kí a tó fi súpánà kan ohunkóhun. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù tí kì í yẹ̀, ìyẹn ni ẹrù iṣẹ́ tí òkè ń gbé lé ẹ́ńjìnnì lórí, mo sì máa dé ibẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wá ni pé báwo ló ṣe kú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dáhùn pé, “Ó ṣáà kú ni, ọ̀gá.” Ṣùgbọ́n ikú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe oríṣi kan. Ti àkọ́kọ́ ni ikú òjijì: ìró ẹ̀rọ ń lọ geere, ó sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ ní àdúgbò. Irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í sábà ti ọwọ́ epo wá, nítorí pé epo tó ń tán kì í tán lójijì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan kan gé iná púlọ́ọ̀gì, ohun tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Ti èkejì ni ikú díẹ̀díẹ̀: ẹ́ńjìnnì á wúkọ́, á máa jẹ́ẹ̀kì, á fẹ́ sọjí, ìró rẹ̀ á tún lọ sílẹ̀, kó tó wá kú. Ebi epo nìyẹn, tàbí omi tó wọ inú epo. Ti ẹ̀kẹta ni ikú ẹrù: ìró rẹ̀ á máa wúwo, á máa kérora bí ẹni tó ru ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá bíléèdì dúró kó tó kú, á gbérí padà. Ẹni tó bá fi etí sílẹ̀ dáadáa kí ó tó ké sí mẹkáníìkì ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ikú òjijì, nítorí òun ni àwọn ènìyàn kì í fura sí, òun náà sì ni mo rò pé ó léwu jù bí a bá tún un ṣe lọ́nà àìtọ́. Lábẹ́ àga mówà tí a ń gùn, súwíìṣì kékeré kan wà níbẹ̀, onírọ́bà, tí orí rẹ̀ ń wọlé nígbà tí ènìyàn bá jókòó tí ó sì ń jáde nígbà tí ènìyàn bá dìde. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fi í síbẹ̀ nítorí pé bí ẹni tó ń gùn ún bá jábọ́, bíléèdì kò gbọdọ̀ máa yí lọ. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Iná tí púlọ́ọ̀gì ń ta ń wá láti ara kọ́ìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lára kọ́ìlì yìí tó jẹ́ pé bó bá ti kan áàtì, ìyẹn irin ara ẹ̀rọ, iná á kú lójú ẹsẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń pa ẹ̀rọ ń lo wáyà náà, súwíìṣì àga pẹ̀lú sì ń lò ó. Bí a bá dìde nígbà tí bíléèdì ń yí, tàbí nígbà tí a kò tíì fa bíréèkì, súwíìṣì á so wáyà mọ́ áàtì, ẹ́ńjìnnì á sì dákẹ́.

Ẹ wá wo ohun tí òkè ń ṣe fún ara wa. Bí ilẹ̀ bá fì sí apá òsì, kò sí ẹni tí kò ní fi ara ti apá ọ̀tún. Bí a bá ń gòkè, a ó tẹ̀ síwájú, ìdí á gbéra díẹ̀ lórí àga. A kì í mọ̀ pé a ṣe é. Súwíìṣì ni ó mọ̀.

Wọ́n pè mí sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú yìí, níbi tí pápá ìṣeré ti tẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn kíláàsì ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí etí kòtò àgbàrá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gun mówà wọn gbé kàbúrétọ̀ méjì jáde nínú àpò, ọ̀kan ti gbó, ọ̀kan ṣì ń dán. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Ìkejì rèé tí wọ́n máa rà, àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì ti ń sọ pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò.” Mo ní kó fi àwọn yẹn sílẹ̀, kó gùn ún lọ sí ibi tó ti ń kú kí n wò ó. N kò wo ẹ́ńjìnnì rárá. Òun gan-an ni mo ń wò. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ kò wúwo, àga náà sì ti ya, wọ́n ká àpò ìrẹsì lé e kí sípíríǹgì má baà gún un. Bí ó ṣe dé ibi tí ilẹ̀ ti fì, ó gbé ìdí òsì sókè díẹ̀, ó fi gbogbo ara ti apá ọ̀tún, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí a gbé àga sókè, a rí i pé bóòtù tó di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú ti tú, pẹpẹ irin tó yẹ kó tẹ orí súwíìṣì sì ń tẹ etí rẹ̀ nìkan. Lórí ilẹ̀ títẹ́, etí yẹn tó. Lórí òkè, kò tó. A fún bóòtù náà, a pààrọ̀ súwíìṣì tí etí rẹ̀ ti jẹ, a yọ àpò ìrẹsì kúrò, a fi ìrọ̀rí gidi sí i. Kàbúrétọ̀ tuntun náà padà sínú àpò.

Bí ẹ bá fura sí súwíìṣì yìí, ẹ má dán an wò lórí òkè. Ẹ gbé ẹ̀rọ lọ sí ilẹ̀ tó tẹ́, kí ọmọdé má sí nítòsí, kí bíléèdì dúró, kí gíyà wà ní ààyè tí kò ti ní rìn, kí ẹ sì tú bíréèkì tí a fi ń gbé e kalẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni kì í kú bí a bá dìde nígbà tí bíréèkì yẹn bá wà ní fífà. Ẹ jókòó, kí ẹ wá máa fi ara sí ọ̀tún, sí òsì, síwájú àti sẹ́yìn, láìdìde. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú tàbí tó ń fẹ́ kú bí ẹ ṣe ń yí ara, a ti mú olè náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí mi ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àwọn mẹkáníìkì wa kan á rí súwíìṣì tó bàjẹ́, wọ́n á gé wáyà rẹ̀, wọ́n á ṣe é ní dáyíréètì, wọ́n á ní, “Kò ní kú mọ́.” Òótọ́ ni, kò ní kú mọ́, kódà nígbà tí ẹni tó ń gùn ún bá yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí koríko tútù tí ẹ̀rọ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Etí bíléèdì mówà lè sáré ju kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan. Orí òkè sì ni ibi tí ènìyàn ti lè jábọ́ jù lọ, ìyẹn ni pé ibi tí súwíìṣì yẹn ti wúlò jù gan-an ni wọ́n ti mú un kúrò. Ẹ bẹ mẹkáníìkì yín kó fi súwíìṣì tuntun sí i; bí ó bá kọ̀, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá sì ra ẹ̀rọ àlòkù, ẹ gbé àga sókè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wò bóyá wọ́n ti so wáyà méjì pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n fi téèpù dúdú wé e.

Súwíìṣì mìíràn tún wà tó ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ mówà tí a ń gùn ni ó máa ń kú bí a bá ń fà sẹ́yìn nígbà tí bíléèdì ń yí, àfi bí a bá kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ tàbí tẹ bọ́tìnnì tó wà fún un. Ẹni tó bá dé ìdajì òkè tí kò lè lọ mọ́, á fà sẹ́yìn, ẹ̀rọ á kú, á sì gbà pé òkè ló pa á. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Kó dá bíléèdì dúró kó tó fà sẹ́yìn.

Ti wáyà kò gùn. Bí súwíìṣì bá pé tí ẹ̀rọ ṣì ń kú lójijì, ẹ tọ wáyà láti ìdí bátìrì dé ìdí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá ibi tí rọ́bà rẹ̀ ti bó tí bàbà inú rẹ̀ sì ń kan irin nígbà tí ẹ̀rọ bá fì. Ẹ mi orí bátìrì, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ohun kan bíi ìṣó nípọn máa ń wà lábẹ́ kàbúrétọ̀ tí wáyà wọ̀ ọ́. Iná bátìrì ló ń mú kó ṣí ọ̀nà epo, bí wáyà rẹ̀ bá sì ń yọ tó ń wọ̀, á pa ọ̀nà epo dé.

Ọ̀rọ̀ epo ló gùn, ó sì yẹ kó gùn. Ẹ rántí bí omi ṣe ń ṣe nínú bàsíà tí a bá rù gun òkè: omi kì í bá bàsíà fì, ojú rẹ̀ á dọ́gba, ó sì máa ń jìn sí apá kan, á sì gbẹ ní apá kejì. Bákan náà ni epo bẹntiróòlù nínú táǹkì. Ihò tí epo ń gbà jáde wà ní apá kan ṣoṣo nínú táǹkì, nítorí náà bí epo bá ti dín kù sí ìdá mẹ́rin, tí ẹ̀rọ sì fì sí apá kejì, ihò náà lè ṣí sílẹ̀ gbayawu kó máa fa afẹ́fẹ́ nígbà tí epo ṣì wà ńbẹ̀ tí a ń gbọ́ ìró rẹ̀. Èyí ni àyẹ̀wò tó rọrùn jù lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀ ju epo tí ẹ máa lò náà lọ: ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ rọ epo kún táǹkì, kí ẹ tún lọ sí ojú ibi tó ti kú. Bí kò bá kú mọ́, ẹ ti rí ìdí rẹ̀. Láti ìgbà náà, orí òkè ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gé nígbà tí táǹkì kún, kí ẹ fi ibi tó tẹ́ sí ìgbẹ̀yìn.

Ẹ tún kíyè sí ìhà tí ó ti ń kú. Táǹkì àwọn mìíràn wà lábẹ́ àga lẹ́yìn, ti àwọn mìíràn wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú. Eléyìí tó wà lẹ́yìn á lọ sílẹ̀ ju kàbúrétọ̀ lọ nígbà tí a bá ń gòkè, ó sì di dandan kí nǹkan fa epo sókè fún un. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, pọ́ǹpù rọ́bà kékeré kan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mímí tí písítìnì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ń mú kí ẹ́ńjìnnì máa mí sínú síta ló ń mì ín. Bí awọ rọ́bà inú rẹ̀ bá ti gbó, tàbí bí họ́ọ̀sì tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì bá sán, agbára rẹ̀ á tó fún ilẹ̀ títẹ́, kò sì ní tó fún òkè. Oòrùn wa kì í jẹ́ kí rọ́bà pẹ́. Ẹ tẹ họ́ọ̀sì epo láàárín ìka méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tó bá rọ̀ pẹ̀tẹ̀, tàbí tó ń ta ojú bí ìyẹ̀fun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Fílítà epo náà wà lójú ọ̀nà yìí. Àwọn kan mọ́ gaara débi pé a lè rí ìdọ̀tí inú wọn. Bí ó bá ti di àwọ̀ tíì, kó lọ.

Ọmọrí táǹkì kò yẹ ní fífojú fò. Ihò tíńtín kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti rọ́pò epo tó ń jáde. Bí erùpẹ̀ àti èérún koríko bá dí i, táǹkì á máa fa ara rẹ̀ mú, epo kò ní lè ṣàn mọ́, bí ìgbà tí a bá fi ọwọ́ dí ẹnu kẹ̀rẹ̀gbẹ̀ tí a sì fẹ́ kí omi dà. Bí ẹ̀rọ bá kú lọ́nà yìí, ẹ tú ọmọrí rẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ “fíìsì”, tí ẹ́ńjìnnì sì tún dáhùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fọ ọmọrí náà tàbí kí ẹ ra òmíràn.

Omi ni ọ̀tá tí òjò Ìbàdàn ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń wọlé láti ẹnu jẹ́rìkáànù tí a kò dé, láti ọmọrí táǹkì tó ti sán nígbà tí a bá gbé mówà sí ìta gbangba ní òru, nígbà mìíràn láti inú epo tí a rà. Lítà omi kan wọn kìlógíráàmù 1, lítà bẹntiróòlù kan kò sì ju nǹkan bíi 0.75 lọ, nítorí náà omi á lọ fìdí kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, á wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́, ó lè jìnnà sí ihò epo fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá gun òkè ni omi náà á yí gbiri lọ sí ojú ihò, á bọ́ sínú kàbúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bí ẹ bá tì í padà, tí omi náà padà sí ààyè rẹ̀, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tó bá ti gbé èyí tó kù mì. Ẹ̀rí wà fún un. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá, ẹ gbé ìgò funfun sábẹ́ kàbúrétọ̀, ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí epo inú rẹ̀ dà sínú ìgò, kí ẹ sì gbé ìgò náà kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí ìlà láàárín méjèèjì, epo lókè, omi nísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà yẹn, ẹ má wulẹ̀ fọ kàbúrétọ̀ nìkan. Ẹ gbọ́n gbogbo epo inú táǹkì dànù síbi tí kò ti ní kan kànga ẹnikẹ́ni, kí ẹ nù ún gbẹ.

Bí gbogbo èyí bá dára, a lè wá dé orí kàbúrétọ̀ tí wọ́n ti ń bú láti àárọ̀. Nínú rẹ̀, fólótì kan ń léfòó lórí epo, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti bọ́ọ̀lù inú táǹkì omi tí a gbé sórí òpó: bí epo bá kún, ó ń ti ẹnu ọ̀nà, bí epo bá dín, ó ń ṣí i. Bí fólótì náà bá ti lọ sílẹ̀ jù, epo inú ago kàbúrétọ̀ á kéré, ìwọ̀n fífì díẹ̀ ló sì máa gba epo kúrò lẹ́nu jẹ́ẹ̀tì, ihò tíńtín tí epo ń gbà kọjá. Bí ó bá ga jù, tàbí bí abẹ́rẹ́ tó ń dí ẹnu ọ̀nà bá ti jẹ, epo á kún àkúnya lórí òkè, èéfín dúdú á jáde, púlọ́ọ̀gì á sì tutù. Jẹ́ẹ̀tì tí epo àtijọ́ ti lẹ̀ mọ́ ní tirẹ̀ ń jẹ́ kí epo díẹ̀ kọjá. Ìyẹn tó fún ẹ̀rọ tó ń rìn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n kò tó fún èyí tó ń gòkè. Fífọ̀ sábà máa ń tó. Ríra òmíràn ni kó kẹ́yìn, nítorí pé ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ìwọ̀n jẹ́ẹ̀tì wọn kì í sì í bá ti ẹ̀rọ yín mu nígbà gbogbo.

Ọ́ìlì ń ṣe bí epo ti ń ṣe, àbájáde tirẹ̀ ló kàn le jù. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ohun tó ń ṣọ́ ọ́ìlì wà: ti Honda tó ń jẹ́ Oil Alert ń wo bí ọ́ìlì ṣe ga tó, ti Kohler tó ń jẹ́ Oil Sentry ń wo bí ọ́ìlì ṣe ń tì. Bí ọ́ìlì bá kéré, tí òkè sì gbá a jọ sí apá kan, ohun tó ń ṣọ́ yìí á rò pé kò sí ọ́ìlì mọ́, ó sì lè pa ẹ́ńjìnnì. Ire ló ṣe fún yín. Ẹ̀rọ tí kò ní i kò ní kú. Písítìnì rẹ̀ ni yóò máa jẹ ara rẹ̀ ní gbígbẹ, ẹ ó sì ra ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi géèjì wo ọ́ìlì lórí ilẹ̀ títẹ́ kí ẹ tó gun òkè: ẹ fà á yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í wọlé, ẹ tún fà á yọ, kí ọ́ìlì sì wà láàárín àmì méjèèjì. Ẹ má sì rọ ọ́ kún jù pẹ̀lú èrò pé púpọ̀ ló dára, nítorí pé lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àṣejù ọ́ìlì máa ń gba ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wọ ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́, èéfín funfun á bo gbogbo ọgbà, púlọ́ọ̀gì á sì dí.

Ikú ẹrù ló kù. Bí koríko ikin tó ga dé orúnkún bá wà lórí òkè, ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń ti ẹ̀rọ gòkè, tó ń gé koríko, tó sì ń gbé ẹni tó jókòó. Bíléèdì tí ẹnu rẹ̀ ti kú, fílítà afẹ́fẹ́ tí erùpẹ̀ dí, àti koríko tútù tó ti lẹ̀ gbàgìdì mọ́ abẹ́ ilé bíléèdì ló ń jẹ agbára tí ó yẹ kó fi gòkè. Ẹ gbé bíléèdì sókè, ẹ gé e lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ abẹ́ mówà láti họ koríko yẹn kúrò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kúrò lórí púlọ́ọ̀gì, kó sì gbé e jìnnà.

Nígbà mìíràn, gbogbo ẹ̀rọ ló pé, ilẹ̀ ni kò gbà. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ìwé mówà tí a ń gùn ń tọ́ka sí ni dígíríì 15, ohun tó bá sì ju ìyẹn lọ, wọ́n ní kí ènìyàn má gùn ún. Ojú kò lè wọn dígíríì, ṣùgbọ́n bíríkìlà èyíkéyìí ní ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ gba pákó tó gùn ní mítà kan àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ẹ fi orí pákó kan lé ilẹ̀ ní apá òkè, ẹ gbé orí kejì sókè títí lẹ́fẹ́ẹ̀lì á fi sọ pé ó dọ́gba, kí ẹ wá fi téèpù wọn àyè tó wà láàárín orí tí ẹ gbé sókè yẹn àti ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 27, dígíríì 15 nìyẹn. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé mówà kúrò níbẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa gé e lókè sódò, ẹ má gé e ní ìbú, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni irú tirakítọ̀ kékeré yìí ti ń dojú dé. Ẹ má yí i lójijì láàárín òkè, ẹ má sì gùn ún nígbà tí ìrì tàbí òjò bá ṣì wà lára koríko.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tí a tún súwíìṣì ṣe tán, a gba pákó lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà tó ń mọ ògiri níbẹ̀. Ẹ̀yìn kíláàsì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 19. Etí kòtò àgbàrá jẹ́ 34. A fi ọ̀dà funfun kun òkúta mẹ́rin, a tò wọ́n sí ojú ibi tí mówà kò gbọdọ̀ kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ń fi àdá ṣán èyí tó wà nísàlẹ̀ wọn.